Àjà Ẹnu Káfíńtà

"La ẹnu dáadáa," Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé wí. "Kí lò ń fi pamọ́ fún mi?"

Ọláṣẹ̀hìndé yọ rọ́bà tí dókítà fi bo egbò òkè ẹnu rẹ̀, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ó la ẹnu títí àgbọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àgbà káfíńtà náà tan iná fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yọjú wo òkè ẹnu ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tó bá ń wo àjà ilé tí òjò ti bà jẹ́. Òórùn obì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó nàró.

"Ó ti ń jẹrà," ó ní.

"Jẹrà báwo, Ọ̀gá?"

"Ó funfun báláú. Egbò tó bá ń jinná, pípọ́n ló máa ń pọ́n. Èyí tó bá funfun báyìí, ọyún ló ń gbà. Ṣé ó ń ta ọ́?"

Ọláṣẹ̀hìndé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni nǹkan ti ń ta á lókè ẹnu, bí ẹni pé ìjàlọ ń tò kọjá níbẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, kò mọ nǹkan kan lára níbẹ̀ rárá. Ahọ́n rẹ̀ á kan ibẹ̀, àjà ẹnu ò ní mọ̀ pé ahọ́n kan òun. Ó ti ń rò ó lọ́kàn pé títa tó ń ta yìí kì í ṣe ire, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá sì fi èdìdì dì í.

Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú ìgò kékeré kan jáde, ó gbé e ka orí tábìlì. Ẹ̀tù dúdú ló wà nínú rẹ̀.

"Ti ìdílé wa ni. Fi òwú kàn án, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò yẹn. Á jó ọ bí iná, má tu ú dànù. Tó bá ti jó tán, o ò ní mọ nǹkan kan lára níbẹ̀ mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, bí mo bá ti kúrò ní sáìtì, màá yà wò ó."

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá. Ẹ ò ní rí ìjà Ọlọ́run."

Kí ló tún fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ìkirè ni Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé ti gbà á sọ́dọ̀, lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú, tí kò tíì ju ọmọ tó ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ. Ọ̀gá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú, òun ló mú un wá sí Èkó, òun náà ló jókòó sípò bàbá nígbà tí wọ́n lọ tọrọ ìyàwó fún un. Títí di òní tí Ọláṣẹ̀hìndé ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀, tó ń gba iṣẹ́ àjà káàkiri láti Àjá títí dé Ṣàngótẹ́dó, kò tíì sí ọjọ́ kan tí Ọ̀gá ní kó ṣe nǹkan tó ní rárá. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wọlé, ó jókòó ti ìgò náà.

Bí egbò ọ̀hún ṣe dé, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa àwọn tó gbọ́ ọ. Ilé alájà méjì kan ni wọ́n ń ṣe ní Ṣàngótẹ́dó. Ọláṣẹ̀hìndé wà lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sókè, ó ń kan igi tí àjà máa dúró lé, ó sì fi ìṣó mẹ́ta sáàárín ètè, gẹ́gẹ́ bí gbogbo káfíńtà ṣe máa ń ṣe kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ na igi gígùn kan sí i láìké sí i. Orí igi gbá a ní àgbọ̀n. Ìṣó méjì já bọ́ sílẹ̀. Ìkẹta wọlé sínú àjà ẹnu rẹ̀. "Káfíńtà alájà," ni àwọn ọmọ sáìtì wí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dá, "àjà tìrẹ lo wá lu." Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò ṣeé rín.

Ṣùgbọ́n ìṣó náà ti dípẹtà. Kò pẹ́ tí ẹnu fi wú, tí ibà dé, tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá Jakáńdè. Àwọn dókítà eyín gé ẹran tó ti kú kúrò lókè ẹnu rẹ̀, ó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Wọ́n ní àwọn ò ní rán an, nítorí pé ẹran àjà ẹnu kì í ṣe ohun tó ṣeé fà bí aṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dí ara rẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà tín-ínrín kan ṣe ìdérí sí i, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, kó sì padà wá kí oṣù tó parí. Láti ìgbà náà ló ti ń mu ògì tútù bí ọmọ ọwọ́, tí ohùn rẹ̀ sì ń gba imú jáde.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ju ni pé kí àjà ẹnu má dí. Ó mọ ọkùnrin kan nílé, ní Ìkirè, tí àjà ẹnu tirẹ̀ lu sínú imú. Bí ó bá mu omi, omi á gba imú jáde. Kì í jẹun níwájú èèyàn. Nígbà tó yá, kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí Rẹ̀míláyọ̀, ìyàwó rẹ̀, dé láti Ẹlẹ́kọ̀ọ́. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà létí òkun níbẹ̀ tó máa ń lọ bá wọn tún yàrá ṣe láti Ọjọ́ Ẹtì títí di Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn tó ń wá gbafẹ́ bá pọ̀. Ó gbé ẹja sísun kalẹ̀, ó gbọn iyanrìn inú bàtà rẹ̀ dànù lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó jókòó ló ti rí ìgò.

"Kí ni dúdú yìí?"

"Ẹ̀tù ni. Ọ̀gá ló mú un wá."

"Ẹ ti fi sí i?"

"Mo ní kí n kọ́kọ́ mu ògì, torí wọ́n ní ó máa jó."

Rẹ̀míláyọ̀ jókòó. Ó gbé ìgò náà, ó yí i po, kò ṣí i. "Bàbá Túnmi, dókítà ní kí a má fi nǹkan kan sí i lẹ́yìn omi iyọ̀."

"Dókítà ò tíì rí i láti ọjọ́ yìí. Ọ̀gá wò ó lónìí. Ó ń jẹrà, Rẹ̀mí. Ó ti funfun."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Èèyàn mélòó ló máa wo ẹnu mi lóòjọ́?"

Rẹ̀míláyọ̀ kàn ń wò ó ni, Ọláṣẹ̀hìndé ló kọ́kọ́ yí ojú kúrò. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ láàárín wọn kó tó di pé ìṣó dé. Àwọn olóòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ kí Rẹ̀míláyọ̀ máa wá lójoojúmọ́, kó sì máa bójú tó àwọn tó ń tún yàrá ṣe. Ọláṣẹ̀hìndé fàáké kọ́rí. Ó ní ìyàwó ilé lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ìyàwó òtẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ obìnrin ni láti di ilé mú. Àní ti òpin ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, Rẹ̀míláyọ̀ ò gbàṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gé ẹran ẹnu ọkọ rẹ̀, tí òwú kún un lẹ́nu bámú, ló sọ fún un pé òun ń lọ. Ọkọ ò sì rí ẹnu fọhùn.

"Ẹ̀rù ń bà yín," Rẹ̀míláyọ̀ wí.

"Ṣé kò yẹ kó bà mí?"

"Ó yẹ. Ó ń ba èmi náà. Ẹ gbọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, ká má dúró de ìparí oṣù. Bí dókítà bá wò ó, tó bá ní ó ń jẹrà lóòótọ́, èmi fúnra mi ni màá fi òwú kan ẹ̀tù yìí, màá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín lẹ́nu."

Ọláṣẹ̀hìndé rò ó. Ọjọ́bọ̀ ṣì jìnnà díẹ̀. "Ó dáa," ó ní.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, òjò ti rọ̀ sí Àddó, àdúgbò wọn, omi sì bo ojú ọ̀nà. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ dé Àjá, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì dé Jakáńdè. Dókítà Akínsànyà ló rí wọn, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú. Ọmọ àwọn tó ni Ìlàsàn níbẹ̀ gan-an ni; ọ̀sà ni bàbá rẹ̀ ti ń pẹja kí wọ́n tó fi iyanrìn dí i. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yọ rọ́bà kúrò lókè ẹnu Ọláṣẹ̀hìndé, ó fọ ibẹ̀, ó wò ó títí.

"Kí ló dé tí ẹ fi wá ṣáájú ọjọ́ tí a dá, sà?"

"Wọ́n ní ó ń jẹrà."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ọláṣẹ̀hìndé ò fẹ́ dárúkọ Ọ̀gá fún ọmọdé bú. "Àgbàlagbà kan ni," ó ní.

Dókítà gbé dígí kékeré kan sí i lẹ́nu, ó sì fi òmíràn lé e lọ́wọ́ kí òun náà lè rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi ojú ara rẹ̀ rí egbò náà. Ó funfun lóòótọ́, bí ojú ògì tó ti dì.

"Mo mọ ìdí tí àgbàlagbà yẹn fi sọ bẹ́ẹ̀," Dókítà Akínsànyà wí. "Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ gbọgbẹ́, kí ló máa bo ojú egbò?"

"Èépá."

"Èépá ẹsẹ̀ máa ń gbẹ torí ẹsẹ̀ gbẹ. Ẹnu kì í gbẹ. Nítorí náà, èépá tẹnu rírọ̀ ni, funfun ló sì máa ń jẹ́. Èépá lẹ̀ ń wò yìí. Kì í ṣe ọyún. Ẹ wo etí rẹ̀ yíká, ẹ rí i bó ṣe pọ́n? Ẹran tuntun nìyẹn, ó ń sún wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ dijú wàyí. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ gbé ọwọ́ sókè."

Ó mú irin tín-ínrín kan tí orí rẹ̀ ò mú, ó ń fi kan àjà ẹnu rẹ̀ láti ibi egbò bọ̀ síta. Nígbà tó ṣe irú èyí kẹ́yìn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí eyín kí Ọláṣẹ̀hìndé tó gbé ọwọ́. Lónìí, wéré ló gbé e. Ó tún gbé e. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Dókítà lójú.

"Báwo ló ṣe ń ṣe yín níbẹ̀?"

"Bí ìjàlọ. Láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ó ń ta mí gan-an."

"Ẹ kú oríire, sà."

Inú bí Ọláṣẹ̀hìndé díẹ̀. "Dókítà, nǹkan ń ta mí, ẹ ń kí mi kú oríire?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fa àga súnmọ́ wọn. "Káfíńtà alájà ni yín, ẹ mọ wáyà iná dáadáa."

"Inú àjà la máa ń tẹ́ ẹ gbà."

"Ó dáa. Iṣan tó ń jẹ́ kí ẹ mọ nǹkan lára, bíi wáyà ló rí, ó gba inú ara dé àjà ẹnu yín. Ìṣó yẹn já díẹ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi kú tipiri tẹ́lẹ̀. Wáyà máa ń ní rọ́bà lára. Iṣan náà ní, ṣùgbọ́n rọ́bà tirẹ̀, ohun alààyè ni. Sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí wọn. Wọ́n á wé mọ́ iṣan, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n di iṣan mú lọ."

"Ó wá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?" Rẹ̀míláyọ̀ bèèrè.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà. Àwọn tó ń ṣèwádìí rí i pé bí egbò bá dé sínú ẹnu, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń tú ara wọn sílẹ̀ lára iṣan, wọ́n á kọrí síbi tí egbò wà. Wọ́n á máa ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n máa pọ̀ sí i, kí wọ́n wá dí ibẹ̀. Wọ́n á sì tún máa la ọ̀nà sílẹ̀ fún iṣan tó fẹ́ hù padà. Títa tó ń ta yín yẹn, mo gbà pé iṣan ló ń padà bọ̀ wá sílé."

"Ta ló máa ń rán wọn níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tí wọ́n ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mà. Egbò ti dé, wọ́n dìde." Dókítà ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Ẹ má sì rò pé a ti mọ̀ ọ́n tán o. Ara eku ni wọ́n ti rí èyí tó dájú jù. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ò bá sí, egbò ẹnu eku máa ń pẹ́ kó tó jinná. Ti ènìyàn, a ṣì ń wò ó. Ṣùgbọ́n ti yín yìí ń jinná, ìyẹn ò ní iyè méjì nínú."

Ọláṣẹ̀hìndé wo ìyàwó rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ ti ọwọ́ bọ báàgì, ó mú ìgò ẹ̀tù jáde, ó sọ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lò ó. Dókítà ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà.

"Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mi ò sì ní bú oògùn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ ní ó máa jó títí ẹ ò fi ní mọ nǹkan lára mọ́. Ohun tó bá lè jó iṣan, á jó àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an la ò gbọ́dọ̀ pàdánù báyìí. Omi iyọ̀ náà tó."

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, wọ́n tún wọ kẹ̀kẹ́ ní Àjá. Omi ti fà díẹ̀ lójú ọ̀nà Àddó. Ọláṣẹ̀hìndé yíjú sí ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọjá ibi tí àwọn tó ń ta pákó wà.

"Àwọn olóòtẹ́ẹ̀lì yẹn," ó ní. "Ṣé wọ́n ṣì ń wá ẹni tó máa ṣe é lójoojúmọ́?"

"Wọ́n ṣì ń wá."

"Sọ fún wọn pé wàá ṣe é."

Rẹ̀míláyọ̀ yíjú wò ó dáadáa. "Ṣé kì í ṣe egbò ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Egbò ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń sọ. Àwọn tó ń dí i náà ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan."

Rẹ̀míláyọ̀ wo ìta, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn bo ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìdùnnú náà ò pẹ́ tí ó fi di ìnira, nítorí Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀. Bí Ọláṣẹ̀hìndé bá ń yọ ẹnu, bó bá ń gbálẹ̀ iwájú ilé, ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún Ọ̀gá ló ń tò lọ́kàn, kò sì sí èyí tó tò tí kò dàbí àfojúdi. Ó tilẹ̀ rò ó wò pé kí òun bu díẹ̀ dànù nínú ẹ̀tù, kí òun ní òun ti lò ó. Rẹ̀míláyọ̀ ló ká a mọ́ ibi tó gbé ìgò náà dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. "Bí ẹnu yín bá wá jinná ńkọ́?" ó ní. "Ẹ̀tù ni Ọ̀gá máa rò pé ó wò ó sàn, wọ́n á sì gbé e fún ẹlòmíràn." Ọláṣẹ̀hìndé gbé ìgò padà sórí tábìlì.

Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ bó ṣe wí, pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó ní irun àgbọ̀n rẹ̀. Ó bọ́ bàtà bọ́ọ̀tù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé pẹ̀lú sọ́kọ́ọ̀sì.

"Lanu, jẹ́ kí n wò ó."

Dípò kí Ọláṣẹ̀hìndé lanu, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí símẹ́ǹtì. "Ọ̀gá, mi ò lo ẹ̀tù yẹn. Ẹ má bínú. Mo lọ bá dókítà ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fi sí i."

Ọ̀gá jókòó díẹ̀díẹ̀.

"Dókítà yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Kò tó àkọ́bí yín, Ọ̀gá."

"O wá gbọ́ tirẹ̀."

"Mo gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fi ojú yín wò ó kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun."

"Dìde níbẹ̀ yẹn. Ta ló ní o ṣẹ̀?"

Ọláṣẹ̀hìndé yọ rọ́bà, ó la ẹnu. Iná fóònù tún tàn. Ọ̀gá wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì. Ẹni tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbi ká mọ bí pákó ṣe gùn tó nípa wíwò lásán, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè wo ihò kó má mọ̀ bóyá ó fẹ̀ sí i tàbí ó kéré sí i.

"Ó ti sún wọlé," ó ní níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ó ti sún wọlé dáadáa." Ó pa iná fóònù. Ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé ó dọ̀tí. "Èmi ni mo kọ́ ọ láti máa fi ìṣó sẹ́nu, Ṣẹ̀hìndé. Ìwọ ò fẹ́ ṣe é nígbà yẹn, o ní ó ń dùn bí irin. Mo gbá ọ lórí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí pé ìṣó wọ̀ ọ́ lẹ́nu, oorun mi ò já gaara mọ́. Mo ní kí n ṣáà rí nǹkan kan ṣe sí i."

"Ohun tí mo fi ń jẹun, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi," Ọláṣẹ̀hìndé ní.

Rẹ̀míláyọ̀ gbé omi wá nínú ife, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá. Bó ti fẹ́ dìde ló dúró síbẹ̀, tí ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ọ̀gá, kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ yín?"

Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Níbi tí Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé, símẹ́ǹtì ti tutù, ó sì pọ́n díẹ̀.

"Áà, ó tún ti ń sun," Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé wí, kò tilẹ̀ ká a lára. "Ìṣó ni mo tẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ̀tù ni mo ń fi sí i. Ó ń gbẹ, ó ń là. Kò dùn mí rárá."

Bí ẹni tó ń fi nǹkan yangàn ló ṣe sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ọláṣẹ̀hìndé wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà wò ó. Ọyẹ́ ti lọ, òjò ti dé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sọ́kọ́ọ̀sì yẹn."

"Fún kí ni?"

"Ẹ̀yin náà wo ẹnu mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín imú, ó na ẹsẹ̀. Egbò náà wà lábẹ́ ìka ńlá, ó jìn, eruku dúdú ẹ̀tù yí i ká. Ọláṣẹ̀hìndé fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ.

"Ẹ wo ojú fèrèsé. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ sọ fún mi."

Ó fi orí ẹyọ ìgbálẹ̀ náà tẹ ìka ńlá. Ó tẹ ìka tó tẹ̀ lé e. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ títí ìgbálẹ̀ fi tẹ̀ kọrọdọ.

"O ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Ọ̀gá bèèrè.

Rẹ̀míláyọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá."

"Irọ́ ni."

Ọláṣẹ̀hìndé gbé ìgbálẹ̀ sókè sí ìsàlẹ̀ ojúgun. "Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n," Ọ̀gá wí kíá. Lẹ́yìn náà, ó yíjú kúrò lójú fèrèsé, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fúnra rẹ̀ fi gún ìka ńlá. Ó tún un ṣe. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ àlejò.

"Kí ni ìyẹn wá túmọ̀ sí?"

"Mi ò mọ̀. Káfíńtà lèmi. Ó lè jẹ́ ẹ̀tù, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tèmi ń ta mí, ó sì ń jinná. Tiyín ò dùn yín, láti ìgbà ọyẹ́ ló sì ti wà níbẹ̀. Dókítà ní nǹkan tó ń tọ́jú iṣan ló ń bá wọn dí egbò. Bí iṣan ibẹ̀ bá ti kú, Ọ̀gá, ta ló máa ránṣẹ́?"

Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé gbé ìgbálẹ̀ náà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀. "Wọ́n á ní àwọn fẹ́ gé e."

"Ẹ̀rù ba èmi náà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rù ò bà mí."

"Kò bà yín, Ọ̀gá."

Rẹ̀míláyọ̀ ti gbé omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá pẹ̀lú aṣọ funfun tó mọ́. Ọláṣẹ̀hìndé kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ Ọ̀gá lé itan, ó ń fọ ẹ̀tù kúrò díẹ̀díẹ̀, Ọ̀gá sì ń wò ó. Nígbà tí omi ti dúdú, tí egbò ti mọ́, ó fi aṣọ dì í.

"Rẹ̀mí ń lọ sí Ẹlẹ́kọ̀ọ́ lọ́la," ó ní. "Èmi ò lọ síbì kankan. Ẹ sùn síbí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a jọ máa lọ."

"Ọ̀dọ̀ ọmọdé yẹn náà ni?"

"Ẹnu ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo ẹsẹ̀ wà ní ọgbà kan náà. Màá ní kó mú wa lọ bá wọn."

Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé gbé ife omi, ó mu ún tán, ó gbé ife sílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ tí wọ́n dì fún un, ó wo ojú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n máa ń ṣí?" ó bèèrè.